ẸYIN Ẹ̀YÌNKÙLÉ: BÍ A ṢE Ń DÍYELÉ E ÀTI BÍ A ṢE Ń TÀ Á
(Ọ̀rọ̀ tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún tí a ń sin adìẹ sọ níbi àyẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí ẹyin. Nígbà tí Akọ̀wé kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa, ẹ̀rín la rín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí pé àwa márààrún ò tí ì fi adìẹ kọ́lé. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tójú wa rí gan-an ni ká wá sọ, kí àwọn tó ń gbèrò àtiyáwó nítorí adìẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Nítorí náà, a ò wá wàásù. Ìṣirò la gbé wá, àti ẹ̀bẹ̀ kan.

Ata, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ wá mọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ àfikún ni adìẹ. Ìparí ọdún 2021 la bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù wa ní 20 adìẹ àgíríìkì lẹ́yìnkùlé rẹ̀, nínú ilé pákó àti wáyà tí àwọn ọmọ bá wa kàn. Tí a bá pa ti àwa márààrún pọ̀, ó jẹ́ 100. A jọ ń ra oúnjẹ wọn pọ̀ ni, a sì jọ ń ta ẹyin wọn pọ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn dùn. Láàárọ̀ a ó kó ẹyin, ní ọjọ́ kejì-kejì ìyá alágbàtà á gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, á kówó sílẹ̀, á kó ẹyin lọ. Àwa á yọ owó oúnjẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù, òun la ń pè ní èrè. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà tó rọrùn láti pín ṣàlàyé ẹ̀. Kì í ṣe iye ìgbà yẹn, kì í sì í ṣe iye tòní o, torí iye oúnjẹ adìẹ lè ti yí padà kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ ṣáà máa bá wa bọ̀.

Adìẹ kan tó ń yé ń jẹ nǹkan bíi 120 gíráàmù lóòjọ́. 100 adìẹ á jẹ kílò 12. Báàgì oúnjẹ tó jẹ́ kílò 25 kò lè ju ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lọ. Tí 80 bá yé nínú 100 lójúmọ́, báàgì kan á fún wa ní kíréètì márùn-ún ààbọ̀. Ká ní ₦16,500 ni báàgì kan, ẹ pín in sí márùn-ún ààbọ̀: oúnjẹ tó wọ inú kíréètì kan jẹ́ ₦3,000. Àwa ń ta kíréètì ní ₦3,700. Ẹ ò rí i pé ₦700 ti jẹ́ èrè lórí kíréètì kan? 80 kíréètì là ń rí lóṣù. ₦56,000! Àwa márùn-ún pín in, ₦11,200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ sí i níta. Nínú ẹ̀ la ti ra aṣọ ẹbí. Nínú ẹ̀ la ti san owó ilé-ìwé. A tilẹ̀ ń fi ṣe fáàrí fún àwọn tí àtẹ wọn sún mọ́ tiwa.

Nígbà tí àwọn adìẹ yé fún ọdún kan àti díẹ̀, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í já wá sílẹ̀. 80 di 70, 70 di 55, èèpo ẹyin ń fẹ́lẹ́. A mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti tà wọ́n, ká ra òmíràn. A tà wọ́n nínú oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí àgbébọ̀ ń lówó lórí torí Kérésìmesì, a sì rí owó gidi. Àmọ́ nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé, owó ọwọ́ wa ò ra tó 60. A wo ara wa lójú. Àwa tí a ti ń pín èrè lóṣooṣù fún odidi ọdún kan! Níbo lowó ọ̀hún wọlẹ̀ sí?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wá láti yáwó. Ẹ rántí. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí lẹ ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Ọjọ́ yẹn ni Akápò béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni kíréètì ẹyin kan ń ná yín?" A dáhùn kíákíá pé ₦3,000. Ó ní, "Oúnjẹ nìyẹn. Èmi ò béèrè oúnjẹ. Ẹyin ni mo béèrè." Ó ní ká lọ kọ gbogbo ohun tó kù sílẹ̀, kí a mú un wá.

Ọmọ ẹnìkan nínú wa tó ń kọ́ ìṣirò owó nílé-ìwé gíga ló bá wa jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá nípa rẹ̀ ni adìẹ fúnra ẹ̀. Ká ní a ra adìẹ kan ní ₦4,900, nígbà tó gbó a tà á ní ₦3,100, ó ti jẹ ₦1,800 nínú owó wa. Ẹyin tó yé láàárín ìgbà yẹn tó nǹkan bíi 270, ìyẹn kíréètì mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá pín ₦1,800 sọ́nà mẹ́sàn-án, ₦200 ni kíréètì kọ̀ọ̀kan jẹ adìẹ tó yé e. Adìẹ ò mọ owó oṣù bèèrè, ṣùgbọ́n ó ń gbà á. ₦200 yìí ló yẹ ká máa kó sínú kòló lọ́tọ̀, kí a má fọwọ́ kàn án, títí dọjọ́ tí a ó ra òmíràn. Òun gan-an la ń pè ní èrè tí a ń fi dá aṣọ ẹbí.

Oògùn wọn àti àjẹsára, pàápàá ti lúkúlúkú, kó ₦150 lórí kíréètì kan. Omi tí a ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná, páálí ẹyin, owó ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ ₦250. Ẹyin tó fọ́, adìẹ tó kú àti èlé owó tí a yá, ₦100. Ọmọ náà wá ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" A ní kí ló ṣe wá? Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ta ló ń jí láago márùn-ún bu oúnjẹ fún wọn, ta ló ń kó ìgbẹ́ wọn? A jiyàn títí lórí èyí. Àwọn kan nínú wa ní obìnrin kì í gbowó iṣẹ́ nínú ilé ara ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn, a fi ₦300 sí i. ₦300 lọ́nà 80 kíréètì, ₦24,000 lóṣù nìyẹn fún àwa márààrún. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wo lẹ rí tó máa bá yín ro ilé adìẹ márùn-ún lójoojúmọ́ ní ₦24,000? A ṣì ń rẹ́ ara wa jẹ ni.

Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. ₦4,000 géérégé. Àwa ń tà á ní ₦3,700.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibo la ti wá ń rí owó oògùn àti owó omi san látọjọ́ yẹn? Inú owó àtẹ ata ni, inú owó èlùbọ́ ni. Tí oògùn bá tán, a ó kàn ki ọwọ́ bọ inú àpò ìbàǹtẹ́ tí a dè mọ́ ìdí, torí àpò kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Ata ló ń bọ́ adìẹ, àwa rò pé adìẹ ló ń bọ́ wa. Ìwé méjì la ní láti ìgbà náà, àpò méjì la sì ní. Ohun tó bá jẹ́ ti adìẹ ò gbọdọ̀ kan ti ọjà, kódà tó bá jẹ́ owó omi ₦50.

Ẹnìkan nínú wa ní ká sáré gbé iye ẹyin wa sí ₦4,500. Ọjà kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyin kì í ṣe aṣọ òfì tí ẹni tó hun ún lè ní iye tóun fẹ́ gbà nìyí. Ẹyin tiwa àti ẹyin oko ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ, bákan náà ni wọ́n rí lójú oníbàárà. Iye tọjà bá ń ná ni ká tà á. Ohun tí ìṣirò yìí ń ṣe fún wa ni pé ó jẹ́ ká mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Tí alágbàtà bá ń ná wa wálẹ̀, a mọ iye tó jẹ́ pé tí a bá ti gbà á, àwa là ń bá a dá owó. Ó tún jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká fi ọwọ́ mú.

Ohun tí a rí nìyí: bí adìẹ ṣe ń yé ṣe pàtàkì ju bí ẹnu wa ṣe dá ọjà ná lọ. Ẹ wò ó. Nígbà tí 80 bá ń yé nínú 100, oúnjẹ inú kíréètì kan jẹ́ ₦3,000. Tó bá já sí 65, báàgì yẹn kan náà ò fún wa ju kíréètì mẹ́rin ààbọ̀ lọ, oúnjẹ inú kíréètì kan ti di nǹkan bíi ₦3,670. Ó ti ju ₦600 lọ tó fi lé sí i, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fowó kún oúnjẹ lọ́jà. Àwọn adìẹ tó ń jẹ láìyé ni. Nítorí náà, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, a ń gbé wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń yé, ogbè orí ẹ̀ á pupa, á sì wú. Ihò ìdí ẹ̀ á tóbi, á lọ́rinrin. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kan eegun méjèèjì tó wà níbẹ̀, ìka méjì tàbí mẹ́ta á gba àárín wọn. Èyí tí ogbè ẹ̀ ràn, tí ìdí ẹ̀ gbẹ, tí ìka kan ò lè kọjá, tí kò sì sí pé ó ń pa ìyẹ́ dà, ìyẹn ti yá fún ìkòkò ọbẹ̀. Ó ń dun àwọn ọmọ tó ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọdún 2023, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa ti le jù. Oṣù kìíní la fi owó ẹgbẹ́ ra adìẹ tuntun. Àwọn adìẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ owó náírà dé. Gbogbo yín mọ ohun tójú ọjà rí. Ẹni tó ní owó ní báńkì ò rí i gbà, ẹni tó fẹ́ ra ẹyin méjì kò ní ₦200 lọ́wọ́. Ẹyin kún ilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìẹ pariwo síta nínú oṣù kejì pé ẹyin ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ìyá alágbàtà wa ò wá fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Adìẹ ò sì mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ owó. Ojoojúmọ́ ló ń yé.

Ohun méjì la ṣe, méjèèjì ò dáa. Èkíní, a dín oúnjẹ wọn kù. A ní kílò 12 ti pọ̀ jù nígbà tí ẹyin ò tà, a fún wọn ní 8. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin ti já wálẹ̀ sí 40 àti díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara wọn lẹ́nu jẹ. Nígbà tí ọjà wá ṣí padà, tí a sì dá oúnjẹ wọn padà sí bó ṣe wà, ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó gbéra, àwọn kan ò sì gbéra mọ́. Tí ọjà bá kú, ẹ ta nínú àwọn adìẹ tó ń ṣe ọ̀lẹ, kí ẹ bọ́ àwọn tó kù yó. Ẹ má pín ìyà kárí gbogbo wọn.

Èkejì ni àwìn. A ní dípò kó bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fún àwọn ènìyàn wa, wọ́n á san án tówó bá dé. Kíréètì 31 la kọ sínú ìwé kí oṣù kẹta tó parí. Títí di òní, mẹ́sàn-án ò tí ì wọlé nínú ẹ̀. Lára àwọn tó jẹ wá wà níjòókòó yìí. A ò ní dárúkọ, ẹ má wojú ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò àwìn: ká ní a wá ń ta kíréètì ní ₦4,200 nísinsìnyí, ₦200 ló jẹ́ èrè wa lórí ẹ̀. Tí ẹnìkan bá gbé kíréètì kan tí kò san án, a ní láti ta kíréètì 21 mìíràn kí èrè wọn tó dí ihò yẹn. Mọ́kànlélógún! Ẹni tó gbé e lọ rò pé ẹyin 30 péré lòun jẹ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tà fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí a ń tà fún alágbàtà, àmọ́ lówó lọ́wọ́. Ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn wa pé a ti yí padà. Òótọ́ ni, a ti yí padà. A ò lè gba owó tó jẹ́ àpapọ̀ owó yín lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ká tún wá fi ẹyin ẹ̀ tọrẹ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan yín.

Èènì náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ èènì le, torí oníṣòwò tí kò bá fún èènì, ahun ni wọ́n á pè é. Nínú ata, ọwọ́ kan la ń bù lé e, kò pa wá lára. Ṣùgbọ́n ẹyin kan lórí kíréètì ₦4,200 jẹ́ ₦140. Nínú ₦200 tó jẹ́ èrè, ₦60 ló kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹyin tó sán ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí awọ inú ẹ̀ ò tí ì ya, la fi ń ṣe èènì, a ó sì sọ fún oníbàárà pé kó sè é jinná lónìí lónìí. Èyí tó bá ti ń jò, a kì í tà á, a kì í sì í fi tọrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹyin ní ẹyọ lórí àtẹ, ọ̀rọ̀ ṣéńjì ló máa ń jẹ yín níyà. Kíréètì ₦4,200, ẹyin kan á jẹ́ ₦140. Ta ló ní ₦10 tó máa fi ṣe ṣéńjì? Tí ẹ bá fi ìtìjú gba ₦100 pẹ̀lú ìlérí pé ó máa mú ₦40 wá, ó ti lọ nìyẹn. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń tà á ní ₦150 fún ẹyọ kan, ẹni tó bá sì mú ₦1,000 wá á gbé méje. Méje fún ₦1,000 ṣì ju ₦140 lọ díẹ̀, oníbàárà á sì máa lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

A tún ń ṣa ẹyin. Tẹ́lẹ̀, ńlá àti kékeré la ń pò pọ̀, alágbàtà á wá mú ojú sí àwọn kéékèèké, á fi wọ́n ná gbogbo ẹ̀ wálẹ̀. Adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, kéékèèké ni ẹyin ẹ̀. Ní báyìí, a ń tò wọ́n sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ńlá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra fún ilé. Àwọn àárín ń lọ sọ́dọ̀ alágbàtà. Àwọn kéékèèké, ìyá tó ń se ẹyin tà nídìí ọkọ̀ ló ń kó wọn, torí òun ò fẹ́ kí ẹyọ kan wọ́n ju bí èrò ọkọ̀ ṣe lè rà á lọ. Àwọn tó sán díẹ̀, ọmọkùnrin tó ń dín Indomie lórítà ló ń rà wọ́n láàárọ̀, ó sì ń lò wọ́n tán kílẹ̀ tó ṣú. Látìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọlé lórí 80 kíréètì yẹn kan náà ti ga sókè, bẹ́ẹ̀ a ò fi kọ́bọ̀ kún iye tí a ń pè é.

Ẹ má fọ ẹyin o. A mọ̀ pé ìgbẹ́ ara ẹ̀ ń ti yín lójú. Nǹkan kan wà lára èèpo ẹyin tó ń dí ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ ara ẹ̀. Omi ló ń ṣí i, ìdọ̀tí á sì wọnú lọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Kí ẹ dá ẹnu ẹ̀ tó ṣóńṣó kọjú sísàlẹ̀ nínú kíréètì, kí ẹ gbé e síbi tó tutù, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sára páálí. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kó gbé e sínú omi: èyí tó tutù á sùn sísàlẹ̀, èyí tó ti pẹ́ á dìde dúró, èyí tó bá léfòó, ẹ gbé e jù nù.

Nípa àwọn alágbàtà, a fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí inú àwọn kan lè má dùn sí. Wọn kì í ṣe olè. Ní ọdún àkọ́kọ́ a bú ìyá yẹn títí, pé ó ń jèrè lórí wa. A ní àwa fúnra wa á gbé ẹyin lọ sí Bódìjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wa bó ṣe lọ. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, kíréètì kan odidi fọ́ nígbà tí ọkọ̀ já sí kòtò, odidi ọjọ́ kan ni àtẹ ata wa ò ṣí. Ohun tí ìyá yẹn ń jẹ lórí kíréètì kò tó ohun tó ná wa lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, nǹkan bí ìdajì ẹyin wa la ń tà fún un, owó lọ́wọ́, lẹ́nu ọ̀nà. Ìdajì tó kù la ń tà fúnra wa níbi tí ẹsẹ̀ wa ń dé lójoojúmọ́. A ò kó gbogbo ẹ̀ fún un, torí nígbà tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, a rí i.

Ìjà kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwa márààrún tí a fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Adìẹ ẹnìkan nínú wa ṣàìsàn, dókítà ẹran kọ oògùn fún un. Ìwé ara oògùn náà ní kí a má ta ẹyin wọn nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, àti fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ni wọ́n ní gbèsè ẹgbẹ́ wà lọ́rùn òun, ta ló máa mọ̀? Ẹyin ò ní ojú tí wọ́n fi ń mọ èyí tó lo oògùn. Ó dun wá, torí òótọ́ ló sọ nípa gbèsè. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹyin wa? Àwọn ọmọ yín ni. A kó ẹyin náà dànù, a sì pín àdánù ẹ̀ sọ́nà márùn-ún kó má bàa jẹ́ òun nìkan ló gbé e. Láti ìgbà náà, a ti fi owó kékeré kún ti oògùn nínú ìṣirò wa fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fi í sínú iye ẹyin ẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn bá dé, yóò ta ẹyin olóògùn.

Àwọn tó ní adìẹ ìbílẹ̀ nínú yín, ìṣirò tiyín yàtọ̀. Ẹyin bíi mẹ́wàá sí méjìlá ló ń yé kó tó sàba, 21 ọjọ́ ló fi ń pa á. Ẹ má tà á tán. Ẹyin tí ẹ bá fi sílẹ̀ lónìí ni àkùkọ tí ẹ ó tà lọ́dún. Èyí tí ẹ bá tà, ẹ má fi wé iye ti àgíríìkì, torí ẹni tó ń wá ẹyin ìbílẹ̀ ò wá torí pé ó pọ́n dandan. Àwọn kan fẹ́ adùn ẹ̀, àwọn kan ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwa kì í béèrè.

Ọjà ẹyin lè kú nítorí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà inú wa á rántí oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí wọ́n rí àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ní Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Kàdúná jìnnà sí wa, àmọ́ ẹ̀rù ba ènìyàn níbí náà. Lẹ́yìn owó náírà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, oṣù karùn-ún ọdún 2023 yẹn kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò lábẹ́ ₦200, tó bọ́ sí nǹkan bíi ₦500. Owó ọkọ̀ àgbàdo gùn ún, oúnjẹ adìẹ gùn ún. Nítorí náà ìṣirò wa kì í ṣe ti ọdọọdún mọ́. Oṣooṣù la ń jókòó tì í, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbèsè tí a yá. A san án tán, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án la fi pẹ́ ju ìgbà tí a dá. Nítorí ìpẹ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ wa, ìyá tó fẹ́ yáwó fi tún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kàn, kò rí owó yá lọ́dún náà. Òfin ẹgbẹ́ ni, a ò lè bínú. Òjò rọ̀ sórí ọjà ẹ̀ nígbà òjò ọdún yẹn. A ti lọ bá a nílé, a ti kúnlẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé. Àwa ò tí ì gbàgbé, a sì fẹ́ kó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ pé a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olóyè nìyí. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa, oṣù kejì ni sísan ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ra ata, ó bá a mu, torí ata á ti tà tán. Fún ẹni tó ra adìẹ tó ti fẹ́ máa yé, ó ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni kó tó rí ẹyin àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ní kó máa san lóṣù kejì, inú owó ọjà ẹ̀ ló ti máa yọ ọ́, àtẹ ẹ̀ á sì gbẹ kí adìẹ tó yé. A bẹ̀ yín, kí sísan owó òròmọdìẹ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà. Kí ẹ sì máa béèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá a kí ẹ tó fún un, bí Akápò ṣe béèrè lọ́wọ́ wa. Ká ní wọ́n ti béèrè lọ́dún àkọ́kọ́, à bá ti mọ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa bá wa ra àgbàdo lápapọ̀ nígbà ìkórè, kí a tọ́jú ẹ̀ sínú yàrá tó ṣófo lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí ó jẹ́ èyí tó gbẹ dáadáa, torí àgbàdo tó bu olú máa ń ba adìẹ jẹ́, a ti rà á rí, adìẹ mẹ́rin la fi san án. Ẹni tó bá mú nínú ẹ̀ á san owó kó tó gbé báàgì. Kò sí àwìn níbẹ̀ náà.

Ìwé tí a fi ṣe ìṣirò wa wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè wò ó, ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó mú ọmọ ẹ̀ wá. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la ó máa gbé àwọn adìẹ wa wò nílé ọ̀kan nínú wa lẹ́yìn títa ọjà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ń yé lè bá wa lọ. Kíréètì mẹ́sàn-án tó kù nínú ìwé àwìn, Akápò ti ní òun á bá wa gbà á, lọ́wọ́ kan tàbí díẹ̀díẹ̀.